Ẹnu Tó Jẹ Dòdò: Mo Tún Eré Wòlíì Jero Kà ní Maryland

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe lóṣù tó kọjá nígbà tí mo tún mú The Trials of Brother Jero, eré Wọlé Ṣóyínká, jáde nínú báàgì mi. Mo ṣì wà ní yunifásítì, mò ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹ̀rín ni mo sì fi kà á tán. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò tíì kà á dé ìdajì tí ẹ̀rín fi gbẹ lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá tíì kà á: ọdún 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà n'Ìbàdàn. Jero jẹ́ wòlíì etíkun l'Ékòó. Ó lé ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kúrò lórí ilẹ̀ àdúrà, ó wá di ọ̀gá ara rẹ̀. Kò sì fi bò fún wa: ó dojú kọ àwa òǹwòran, ó ní òwò lòun ń ṣe, oníbàárà sì làwọn ọmọ ìjọ òun. Chume, ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, ni ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Chume ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí wòlíì gbà á láyè kó na Amope ìyàwó rẹ̀, torí ẹnu obìnrin náà kì í dákẹ́.

Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ á ní eré tó ń fi wòlíì èké ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Lójú tèmi, eré nípa ìbẹ̀rù ni: ìbẹ̀rù kí èrò má bàa kúrò lẹ́yìn ẹni. Ẹ wo bó ṣe lo Chume. Ó ní kò gbọdọ̀ na ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni! Tí wọ́n bá sọ ọ́ lórí pẹpẹ, gbogbo wa la máa ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ìdí tó fi sọ ọ́ ni pé, bí Chume bá na ìyàwó rẹ̀ tán, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, kò sì ní nílò wòlíì mọ́. Nígbà tó yá, Jero wá mọ̀ pé Amope yìí gan-an lobìnrin tó ta ẹ̀wù àrán fóun láwìn, tó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà òun láti gba owó rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run yí padà: Chume lè nà án báyìí. Àwọn àgbà ní ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Gbèsè ni dòdò tó wà lẹ́nu Jero.

Ọwọ́ àwọn olùgbọ́ náà kò mọ́. Nígbà tí Jero kúrò níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, Chume ló darí àdúrà. Kí ló gbà ládùúrà? Ìgbéga, òwò ńlá, ọkọ̀. Ìjọ ń dáhùn, ara ń gbóná. Mo rántí àwọn ìṣọ́ òru wa níbí, níbi tí gríìn káàdì ti máa ń gba àmín ju ìrònúpìwàdà lọ. Àwọn olùgbọ́ ló ń mọ irú wòlíì tí wọ́n fẹ́. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 22, ti sọ ọ́ ṣáájú Ṣóyínká: 400 wòlíì ló ń sọ ohun tó dùn létí Ahabu ọba. Mikaiah nìkan ló jíṣẹ́ bí Ọlọ́run ṣe rán an. Wọ́n gbá a létí, wọ́n sì tì í mọ́lé.

Ní Prince George's níbí, a mọ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú ẹni tí kò fẹ́ tiwa. Ìjọ Victory Temple ti RCCG ní Bowie fẹ́ kọ́ ilé ìjọsìn. Àwọn aládùúgbò kan ta kò ó, wọ́n ní ọkọ̀ á pọ̀ jù lójú ọ̀nà. Ìgbìmọ̀ káúntì ò sì fọwọ́ sí ìyípadà tí ilẹ̀ náà nílò lórí ètò omi. Ìjọ gbé e lọ kóòtù ìjọba àpapọ̀. Wọ́n jàre ní 2020, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní 2021. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dojú kọ ará ìta ní agbẹjọ́rò, ó ní òfin, ó sì ní ìjọ tó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó bá sọ òótọ́ fún ará ilé?

Ní ìjọ tèmi, tí kì í ṣe èyí tí mo dárúkọ yìí, Màmá kan jẹ́rìí lọ́jọ́ Sunday kan pé àwọn ti da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn nù, torí àwọn ti gba ìwòsàn. Ìjọ hó yèè. Orin sọ. Ìlà kẹta ni mo jókòó sí, èmi tí mo mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò lóògùn lè fi ọpọlọ ṣe. N kò sọ nǹkan kan. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní aláìnígbàgbọ́. Èmi náà tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Kò pé oṣù méjì tí ọmọ Màmá fi pè mí ní aago márùn-ún ìdájí: ẹnu Màmá ti yí, apá ọ̀tún kò ṣeé gbé mọ́. Wọ́n yè é o, a dúpẹ́, àmọ́ ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn báyìí. Nítorí náà, mi ò lẹ́nu láti bú Jero.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá Ṣóyínká fà á díẹ̀ nìyí. Ó jẹ́ ká rò pé kò sí ẹni tó ń sọ òótọ́ létíkun yẹn. Ó wà. Amope ni. Òun nìkan ló wo wòlíì lójú tó sì ní kó san gbèsè. Kò bẹ̀rù ẹ̀wù, kò bẹ̀rù àdúrà. Ojú fèrèsé ni wòlíì gbà sá fún un. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ti sọ ọ́ di aláròyé tó ń bú ọkọ, tó tún ń bú ẹni tó ń ta ẹja, débi pé nígbà tó bá sọ òótọ́, a ti di etí wa. Chume ní tirẹ̀, nígbà tí ojú rẹ̀ là, àdá ló fà yọ. Láàárín èébú àti àdá, eré náà kò fi ọ̀nà kẹta hàn wá. Nígbà tó ń parí lọ, Jero ti fi àlá ipò mínísítà mú aṣòfin kan so, ó sì ti ń ṣètò bí wọ́n á ṣe gbé Chume lọ sílé wèrè. Ẹni tójú rẹ̀ là ni wọ́n fẹ́ pè ní wèrè. Ìyẹn ò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Iṣẹ́ wa kọ́ mi ní ọ̀nà kẹta. Jókòó, kí ojú ìwọ àti aláìsàn ṣe déédéé. Sọ ọ́ ní èdè tó yé e. Má dín in kù. Tó o bá sọ ọ́ tán, má sá lọ. Lọ́jọ́ ètò ìlera ìjọ wa, wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹnì kan sọ sí mi létí pé kí n má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ìwòsàn o. Mo gba máíìkì. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo ní: "Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, Ọlọ́run ń wo ni sàn. Ẹ máa gbàdúrà, kí ẹ sì máa lo oògùn yín. Tí ẹ bá rò pé ara ti yá, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò kí ẹ tó dá a dúró. Ẹ̀rí kan wáyé níbí tí kò tọ́ ká pàtẹ́wọ́ fún. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì mí."

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Àwọn kan ò kí mi dáadáa títí dòní. Àmọ́ lẹ́yìn ìsìn, àwọn méjì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí a páàkì ọkọ̀ sí, wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé àwọn náà ti dá tiwọn dúró.

Ẹ tún eré náà kà. Tí ẹ bá fi Jero rẹ́rìn-ín tán, ẹ yẹ ẹnu ara yín wò, kí ẹ mọ irú dòdò tó wà níbẹ̀. Àtẹ́wọ́ ni tèmi.