Máàkù Ògbufọ̀: Àyẹ̀wò Ìtàn Àtẹnudẹ́nu Nípa Ajíhìnrere Kan

Ìwé Ìhìnrere tí a mọ̀ sí ti Máàkù kò dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Orúkọ Máàkù wà nínú àkọlé, kò sí nínú ìtàn fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ yìí ti bí ìtàn ìgbésí-ayé kan tó gba Jerúsálẹ́mù kọjá dé Róòmù, dé Alẹkisáńdíríà, títí dé Venice. Iṣẹ́ lámèyítọ́ kì í ṣe láti gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ tàbí láti kó gbogbo rẹ̀ dànù, bí kò ṣe láti wo ẹ̀rí tí ìpín kọ̀ọ̀kan dúró lé.

Ẹlẹ́rìí tó pẹ́ jù lọ ni Papias, bíṣọ́ọ̀bù Hierapolis ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, ní ìlàjì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kejì. Ìwé tirẹ̀ ti sọnù. Àyọlò inú ìwé Eusebius, tó kọ ìtàn Ìjọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, ló kù. Papias ròyìn pé Máàkù jẹ́ ògbufọ̀ Pétérù, pé ó kọ ohun tó rántí sílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Irenaeus gbà pé lẹ́yìn ìkú Pétérù ni Máàkù kọ ìwé náà. Clement ará Alẹkisáńdíríà ní ojú ayé Pétérù ni. Àwọn ẹlẹ́rìí náà fohùn ṣọ̀kan lórí ìbátan Máàkù pẹ̀lú Pétérù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu lórí àkókò.

Ǹjẹ́ ìwé náà fúnra rẹ̀ ti ẹ̀rí yìí lẹ́yìn? Èdè Gíríìkì ni a fi kọ ọ́, àmọ́ òǹkọ̀wé fi àwọn ọ̀rọ̀ Árámáìkì bíi “Tàlítà kúmì” (orí 5) àti “Éfátà” (orí 7) sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, ó sì túmọ̀ wọn lójú ẹsẹ̀. Ó tún ṣàlàyé àṣà ìwẹwọ́ àwọn Júù fún òǹkàwé tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Mátíù àti Lúùkù sọ ìtàn ọmọbìnrin kan náà, wọn kò fi gbólóhùn Árámáìkì yẹn sí i. Òǹkọ̀wé tó dúró láàárín èdè méjì nìyí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n jíjẹ́ ògbufọ̀ kò sọ ọ́ di ògbufọ̀ Pétérù dandan; ọ̀rọ̀ náà lè ti gba ẹnu púpọ̀ kọjá kó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Bákan náà ni ti Jòhánù Máàkù inú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, ẹni tó padà lẹ́yìn Pọ́ọ̀lù ní Páńfílíà, tí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà sì torí rẹ̀ pínyà. Àtẹnudẹ́nu so ó pọ̀ mọ́ ajíhìnrere, bẹ́ẹ̀ orúkọ Máàkù wọ́pọ̀ gan-an ní ìjọba Róòmù.

Ìpín tó kan Áfíríkà jù ni ti Alẹkisáńdíríà. Ìjọ Kọ́ptíkì ka Máàkù sí olùdásílẹ̀ rẹ̀ àti ajẹ́rìíkú tó kú sí ìlú náà. Ní ọdún 828, àwọn oníṣòwò Venice gbé òkú tí wọ́n gbà pé tirẹ̀ ni lọ sí ìlú wọn. Ní 1968, Póòpù Paul Kẹfà dá apá kan rẹ̀ padà sí Kairo. Eusebius mẹ́nu ba iṣẹ́ Máàkù ní Íjíbítì, ṣùgbọ́n Clement àti Origen, tí wọ́n gbé Alẹkisáńdíríà ṣáájú rẹ̀, kò sọ ọ́ nínú àwọn ìwé wọn tí kò sí àríyànjiyàn lórí wọn.

Níbí ni olùkọ́ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Àwọn kan ń fi Máàkù ṣe òpó fún àlàyé pé ẹ̀sìn Kristi ti wà ní Áfíríkà tipẹ́ kí àwọn míṣọ́nnárì Yúróòpù tó dé. Òtítọ́ ni àlàyé náà, ṣùgbọ́n òpó yìí kò lè gbé e dúró. Èyí tó lágbára jù wà nílẹ̀: Clement ń kọ́ni ní Alẹkisáńdíríà ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, ìtumọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè Kọ́ptíkì sì tẹ̀ lé e láìpẹ́.

Èyí kò sọ ìtàn àtẹnudẹ́nu di asán. Bí ó bá jẹ́ ògo nìkan ni àwọn àgbà ń wá, wọn ì bá ti fi orúkọ Pétérù fúnra rẹ̀ sórí ìwé náà. Ògbufọ̀ ni wọ́n dárúkọ, ẹni tó gbọ́, tó rántí, tó sì túmọ̀. Ohun tí ìtàn yìí fi kọ́ olùkọ́ èdè nìyẹn, yálà Máàkù dé Alẹkisáńdíríà tàbí kò dé ibẹ̀.