Lodebari Kì í Ṣe Aṣálẹ̀: Àyẹ̀wò Ìtumọ̀ Ẹ̀mí tí a ń fún Orúkọ Ìlú inú Bíbélì

Ìfáàrà

Orúkọ ìlú inú Bíbélì ti di ará ilé wa. Ẹni tó bá ti Agbowó gba Bódìjà lọ sí Dùgbẹ̀, tó sì ti ibẹ̀ gba Ring Road jáde sí Challenge, yóò ka Bẹ́tẹ́lì, Ebeneseri, Penieli àti Rehoboti lára pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ìwé àti ilé ìtajà. Àṣà náà kì í ṣe tuntun. Nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ kan kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó ní ọdún 1901, tí wọ́n dá Ìjọ African Church sílẹ̀, Bẹ́tẹ́lì ni wọ́n pe ilé ìsìn wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kò tó àwọn oníwàásù mọ́. Wọ́n ti ń wá àwọn tó fara sin kiri: Lodebari, Ono, Ritma. Wọn a tú orúkọ bẹ́ẹ̀ palẹ̀, wọn a sì fa ẹ̀kọ́ nípa ọkàn ènìyàn yọ nínú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é. A kò dá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, a kò sì tọ́ka sí oníwàásù kan pàtó. Iṣẹ́ àwa olùkọ́ èdè ni láti bèèrè bí ìtumọ̀ ṣe jẹ yọ láti inú ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gbé wá sínú àròkọ àti ìdáhùn ìdánwò nígbà tí a bá ní kí wọ́n ṣàlàyé orúkọ ìlú Yorùbá.

Ibi tí àṣà náà ti ṣẹ̀ wá

Kí a má ṣe rò pé àwọn oníwàásù ayé òde òní ló dá a sílẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹta, Origen, ọmọ Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, ṣe ìwàásù lórí Númérì orí 33, níbi tí a ti to ibùdó àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù lẹ́sẹẹsẹ. Ó ka ibùdó náà sí 42, ó sì fi wọ́n wé ìrandíran 42 tó wà nínú ìwé Mátíù orí 1. Ó wá fi ìtumọ̀ orúkọ ibùdó kọ̀ọ̀kan ṣe àkàsọ̀ tí ọkàn ń gùn lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Jerome náà tọ ipa yìí nínú lẹ́tà gígùn tó kọ nítorí obìnrin kan tí ń jẹ́ Fabiola. Òun náà ló ṣe ìwé ìtumọ̀ orúkọ Hébérù tí àwọn oníwàásù ilẹ̀ Yúróòpù gbára lé fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀.

Àní Bíbélì fúnra rẹ̀ ń ṣe é. Nínú Jòhánù orí 9, ẹni tó kọ ìwé náà dúró díẹ̀ láti sọ fún wa pé ìtumọ̀ Síloámù ni ẹni tí a rán. Ìwé Hébérù orí 7 tú Sálẹ́mù sí àlàáfíà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní gbogbo títú orúkọ ìlú jẹ́ àṣìṣe ti ṣe àṣejù. Ìbéèrè wa ni pé: nígbà wo ni ìtumọ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, nígbà wo ni kò sì ní?

Orúkọ tí ìtàn ṣàlàyé

Orúkọ kan wà tí ìtàn fúnra rẹ̀ tú fún wa. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 26, Ísáákì gbẹ́ kànga mẹ́ta. Àwọn darandaran bá a du méjì àkọ́kọ́, ó sì sọ wọ́n ní orúkọ tó jẹ mọ́ asọ̀ àti ìṣọ̀tá. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò jà sí ẹ̀kẹta, ó pè é ní Rehoboti, ìyẹn àyè gbígbòòrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mara tí omi rẹ̀ korò. Oníwàásù tó bá sọ̀rọ̀ lórí àwọn wọ̀nyí kò ṣìnà, nítorí pé ó rí ẹlẹ́rìí.

Síbẹ̀, nínú irú orúkọ yìí pàápàá, ìtumọ̀ nìkan kò tó. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ebeneseri ni òkúta ìrànlọ́wọ́ tí Sámúẹ́lì gbé kalẹ̀ nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 7. Ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ pé ní orí 4 ìwé kan náà, ẹ̀bá Ebeneseri ni Ísírẹ́lì dó sí nígbà tí àwọn Filísítínì ṣẹ́gun wọn, tí wọ́n sì gba àpótí ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn. Bẹ́tẹ́lì ni ilé Ọlọ́run lẹ́nu Jákọ́bù. Ibẹ̀ náà ni Jéróbóámù gbé ère ọmọ màlúù kalẹ̀ sí, tí wòlíì Ámósì fi kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe wá Bẹ́tẹ́lì mọ́. Orúkọ kò yí padà, ìwà ló yí padà.

Ẹjọ́ Lodebari

Èyí tó gba àròjinlẹ̀ jù lọ ni Lodebari. Ibẹ̀ ni Mẹfibóṣẹ́tì, ọmọ Jónátánì, wà kí Dáfídì tó ránṣẹ́ pè é wá jẹun ní tábìlì ọba. Oníwàásù a ní ìtumọ̀ Lodebari ni ibi tí kò sí pápá, tàbí ibi tí kò sí nǹkan kan. Láti ibẹ̀, Lodebari di ìlú òṣì, ìlú ìgbàgbé, ìlú tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ fi àdúrà jáde kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo èdè náà. Lóòótọ́, ní èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ kan tí a ń pè ní “lo” dúró fún “kò”, “dabar” sì dúró fún ọ̀rọ̀ tàbí nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni a gbà kọ orúkọ yìí. Bí a ṣe kọ ọ́ ní Sámúẹ́lì Kejì orí 17 bá ìtumọ̀ “kò sí nǹkan” mu. Ní orí 9, níbi tí ìtàn Mẹfibóṣẹ́tì wà gan-an, lẹ́tà mìíràn ni a fi kọ “lo”, èyí tí a fi ń kọ “fún un”. Bí ẹnìkan bá fẹ́ gbára lé lẹ́tà nìkan, ó lè sọ pé ìlú ẹni tó ní nǹkan ni! A kò sọ pé ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn. A kàn ń fi hàn pé lẹ́tà kò lè dá ẹjọ́ yìí.

Ìtàn ló lè dá a. Inú ilé Mákírì ọmọ Ámíẹ́lì ni Mẹfibóṣẹ́tì ń gbé ní Lodebari. Ní orí 17, nígbà tí Ábúsálómù lé Dáfídì kúrò nílùú, Mákírì ará Lodebari yìí kan náà wà lára àwọn mẹ́ta tó gbé ibùsùn, àwo, àlìkámà, ọkà báálì, ẹ̀wà, oyin àti àgùntàn wá fún ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀, nítorí pé ebi ń pa wọ́n. Ṣé ìlú tí kò sí nǹkan kan nìyí? Níbẹ̀ ni ọmọ arọ tí ilé bàbá rẹ̀ ti parun ti rí ẹni gbà á sílé, kí ọba tó rántí rẹ̀. Ìwàásù tó sọ Lodebari di aṣálẹ̀ ti pa Mákírì rẹ́. Ó gba oore lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, ó sì fi ẹ̀gàn san án.

Òótọ́ ni pé wòlíì Ámósì fi orúkọ yìí ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ní orí 6, tó fi àwọn tí ń yọ̀ nítorí ohun asán ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n wòlíì náà mọ̀ pé òun ń fi ọ̀rọ̀ dárà. Kò sọ pé ohun tí orúkọ náà wí ni ìlú náà jẹ́.

Ìró tó jọ ìró

Ọ̀nà tó léwu jù ni èyí tó gbára lé ìró. Nínú Nehemáyà orí 6, Sáńbálátì ní kí Nehemáyà wá pàdé òun ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ono. Oníwàásù elédè Gẹ̀ẹ́sì a ní orúkọ náà gan-an ni ìdáhùn, nítorí pé ó dún bí igbe ẹni tó kọ̀ jálẹ̀ ní èdè tirẹ̀. Ẹ̀rín ni ìyẹn ń pa ni. A kò lè pè é ní ìtumọ̀, nítorí pé Nehemáyà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwa Yorùbá tún ní ìdí mìíràn láti ṣọ́ra. Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní ọdún 1884, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ṣe òléwájú iṣẹ́ rẹ̀, fi fáwẹ̀lì parí ọ̀pọ̀ orúkọ Hébérù kí ó lè bá ẹnu wa mu. Orúkọ tó ti gba fáwẹ̀lì, tí a wá ń fi ohùn Yorùbá pè, kì í pẹ́ dún bí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹ wo Ìbàdàn fúnra rẹ̀. A mọ̀ pé ẹ̀bá ọ̀dàn ni. Bí àlejò bá rí i láìsí àmì ohùn, kí ló ní kó má pè é ní ẹ̀bá ọdán, kó sì wàásù lórí igi tí a ń sinmi lábẹ́ rẹ̀? Bó bá tilẹ̀ mú ọ̀dàn, ó lè ní ará Ìbàdàn kò sí nínú igbó, kò sí ní pápá, nítorí náà oníyèméjì ni wọ́n. A óò rẹ́rìn-ín sí i. Ohun tí a ń ṣe fún Lodebari kò yàtọ̀.

Ohun tó kan olùkọ́ àti olùdánwò

Àbá wa ni pé kí olùkọ́ fi ìbéèrè mẹ́ta kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ta ló ṣàlàyé orúkọ yìí: ìtàn ìlú ni, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀? Báwo ni a ṣe ń kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn? Ǹjẹ́ ìtàn yòókù nípa ìlú náà bá ìtumọ̀ yìí mu? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dáhùn wọn yẹ lẹ́ni tó ń gba máàkì kíkún. Èyí tó bá fi orúkọ ṣe àfiwé, tó sì jẹ́wọ́ pé àfiwé ni, kí a yìn ín fún ọnà èdè. Èyí tó bá ṣẹ́ orúkọ wẹ́wẹ́, tó sì fi èérún rẹ̀ ṣe ìtàn, kí a má ṣe fún un ní máàkì fún ìtumọ̀, bó ti wù kí ó dùn tó.

Àgbálọgbábọ̀

Òwe tí àwọn oníwàásù fẹ́ràn ni pé orúkọ a máa ro ọmọ. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n Yorùbá kan náà ló ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá wo ilé kí a tó sọ orúkọ, ó yẹ kí a wo ilé kí a tó tú u. Ẹni tó bá wo ilé Mákírì dáadáa yóò rí ẹ̀kọ́ Kírísítẹ́nì kan níbẹ̀ tó ju èyí tí lẹ́tà orúkọ lè fún un lọ: àlejò tí a gbà sílé, àti oúnjẹ tí a gbé fún ẹni tí ebi ń pa.