Ìdí Tí Bátìrì Yín Fi Ń Sùn Lọ́dọ̀ Mi

Ẹ tú bátìrì lápútọ́ọ̀pù wò, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ń gbé wá bá mi ní Ìkàrẹ́ láti Àkùngbá. Sẹ́ẹ̀lì gbọọrọ mẹ́fà ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 18, gígùn rẹ̀ 65. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kì í kú pọ̀. Ọ̀kan tàbí méjì ló ń kọ́kọ́ rẹ̀, wọ́n á sì fa àwọn yòókù sílẹ̀.

Èyí tó wù mí jù nínú iṣẹ́ àtúnṣe bátìrì tí mò ń ṣe yìí ni ṣíṣa ẹgbẹ́ jọ. Mo máa ń ṣáàjì ọ̀kọ̀ọ̀kan dé fóòtì 4.2, n óò fi í sílẹ̀ mọ́jú, n óò tún fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀. Èyí tó bá ti jò lóru kò lè bá ẹgbẹ́ ṣe. Bí mo bá rí mẹ́fà tó dọ́gba, inú mi a máa dùn ju ìgbà tí wọ́n sanwó lọ. (Ẹ má sọ fún ìyàwó mi o.) Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ń tún bátìrì ọkọ̀ Toyota Prius ọdún 2004 sí 2009 ṣe: búlọ́ọ̀kù 28 ni wọ́n ń yẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan.

Àwọn ìyá ọlọ́jà láti Ọ̀kà, fáànù ni tiwọn. “Injiníà, ó tún ti kú o!” Bátìrì olójé fóòtì 6 ló bá a wá, bó bá ń gbẹ léraléra láìrí iná ọba kún, kì í pẹ́ bàjẹ́. Sẹ́ẹ̀lì lítíọ́ọ̀mù irú LiFePO4 méjì ni mo fi ń rọ́pò rẹ̀. Fóòtì 3.2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjèèjì di 6.4, wọ́n sì ń kún ní 7.3, tí ṣájà fáànù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dọ́gba. Méjì irú ti lápútọ́ọ̀pù yóò béèrè 8.4, ṣájà yẹn ò lè kún un láéláé. N óò wá so bọ́ọ̀dù BMS mọ́ ọn, kó máa já iná bó bá kún jù tàbí gbẹ jù.

Mi ò gba ti ẹni tó ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná jó ìdí sẹ́ẹ̀lì láti so wọ́n pọ̀. Ooru ń bà á jẹ́ láti inú. Ẹ̀rọ tó ń lẹ ọ̀já níkẹ́lì mọ́ ọn wàràwàrà ló tọ́.

Nítorí náà, bí mo bá ní kí ẹ fi bátìrì yín sílẹ̀ di ọ̀la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.