Kẹ́místírì Wà ní Èjìgbò, Àmọ́ Kò Sí Nínú Nóòtù

Ẹ mú ọmọ SS1 kan ní Èjìgbò, ẹ ní kó ka ẹ́límẹ́ǹtì ogún àkọ́kọ́. Á kà á bí ẹni ń kọrin: Hydrogen, Helium, Lithium, títí dé Calcium. Ẹ wá bi í pé, kí ló dé tí òórùn bẹntiróòlù tó dà sínú gọ́tà fi ń wọlé bá èèyàn nínú yàrá? Ó ṣeé ṣe kó dákẹ́. Ọmọ náà mọ̀wé o. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ló pín ayé sí méjì: èyí tó wà fún ìdánwò àti èyí tó wà lójú títì. Lójú tiwa, ìpín yẹn léwu.

Ìwé tí ọ̀pọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀ ni New School Chemistry tí Osei Yaw Ababio kọ. "Ababio" lásán la máa ń pè é. Àwọn míì ò tiẹ̀ mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni. Ká sọ òótọ́, ìwé tó yẹ ká yìn ni. Ó ṣe ìṣirò lẹ́sẹẹsẹ, ó sì fi ìbéèrè parí orí rẹ̀ kí èèyàn lè dán ara rẹ̀ wò. Ọmọ tí kò ní tíṣà gidi lè jókòó ti ìwé yẹn kó sì yege WAEC, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Àmọ́ ìwé tí ọmọ gbogbo ìlú ń kà kò lè mọ ohun tó wà lójú ọ̀nà Ìkòtún sí Èjìgbò. Tíṣà ló yẹ kó fi ìyẹn kún un. Tíṣà náà ń sáré kí sílábọ́ọ̀sì lè tán. Ó kọ nóòtù sójú pátákó, a dà á kọ, a há a sórí, ó parí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà là ń ṣe. Nídìí iṣẹ́ wa, ẹni tó há gbogbo òfin Python sórí tí kò kọ kóòdù kan rí, kò sẹ́ni tó máa gbé iṣẹ́ fún un. O kọ ọ́, ó kọ̀, o wá ibi tó ti bàjẹ́, o tún un kọ: bẹ́ẹ̀ la ṣe ń mọ̀ ọ́n. Kẹ́místírì náà fẹ́ irú ẹ̀. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ìgbà tí WAEC bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń ṣí láàbù. Ọmọ SS3 á wá di burette mú fún ìgbà àkọ́kọ́, á máa wò ó bóyá àwọ̀ ti yí, láìmọ ìdí tó fi yẹ kó yí.

Ẹ wá wo Èjìgbò fúnra rẹ̀. Dípò epo NNPC tí wọ́n ń pè ní Satellite wà níbẹ̀. Páìpù ni wọ́n ṣe láti fi gbé epo wá láti Atlas Cove létí òkun, ẹni tó bá sì ti gbé àdúgbò yẹn mọ sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ tí tánkà ń dá sílẹ̀. Nínú kẹ́místírì, wọ́n kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi òpó gíga ya epo rọ̀bì sọ́tọ̀: gáàsì jáde lókè, bẹntiróòlù tẹ̀ lé e, kẹrosíìnì, dísù, títí dé ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì. A ya òpó yẹn sínú nóòtù, a fi rúlà fa ìlà rẹ̀ gbọọrọ. Kò sẹ́ni tó nawọ́ sí ojú fèrèsé kó ní, ẹ wò ó, ohun tí ẹ yà yìí ló wà nínú tánkà tó dí yín lọ́nà láàárọ̀.

Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń kọ́ ọmọ SS1: relative molecular mass. Carbon jẹ́ 12, Hydrogen jẹ́ 1. Octane, ọ̀kan lára àwọn nǹkan tó wà nínú bẹntiróòlù, ní Carbon 8 àti Hydrogen 18. 8 lọ́nà 12 jẹ́ 96. Fi 18 kún un, ó di 114. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí, tó jẹ́ pé Nitrogen àti Oxygen ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, sún mọ́ 29. Ẹ fi 29 pín 114, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gáàsì tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ dáadáa. Kì í gòkè lọ bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń gbà, á wọ gọ́tà, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á sì dúró síbẹ̀ títí ẹnì kan á fi ṣáná tàbí tan jẹnẹrétọ̀. Wọ́n fún wa ní máàkì lórí 114, wọn ò sọ ohun tí 114 ń sọ.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katapílà tó ń ṣe ọ̀nà gún páìpù epo ní Ìjẹ́gun, tí kò jìnnà sí Èjìgbò. Iná sọ. Red Cross ní èèyàn bí 100 ló kú. A ò sọ pé ẹ̀kọ́ kẹ́místírì ìbá dá katapílà yẹn dúró o. Àmọ́ ní àdúgbò tí páìpù gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tí àwọn kan ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ gbọ́n epo bí páìpù bá bẹ́, kò yẹ kí ọmọ gba A1 kó má lè ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n sá. Kẹrosíìnì náà ńkọ́? Ó tó ìwọ̀n 38°C kó tó máa tú gáàsì tó lè gbaná. Ti bẹntiróòlù kò dúró de ooru rárá, kódà ní −40°C ó lè gbaná. Ìdí nìyẹn tí àbùlà bẹntiróòlù díẹ̀ nínú kẹrosíìnì fi lè mú kí sítóòfù bú gbàmù.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ewu nìkan. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó ń se ọṣẹ dúdú á jó èèpo kókó, á da omi sí eérú rẹ̀, á sẹ́ ẹ, á fi omi náà se àdín. Saponification tí ìwé ń wí nìyẹn. Potassium ló pọ̀ nínú eérú náà, ìyẹn ló jẹ́ kí ọṣẹ dúdú rọ̀. Ọṣẹ tí wọ́n fi Sodium ṣe ló ń le. Gbólóhùn mélòó nìyẹn? Síbẹ̀ a há saponification sórí bí orúkọ òògùn, ọṣẹ náà sì wà ní balùwẹ̀.

Àwọn kan á ní WAEC kì í fi Yorùbá ṣèdánwò kẹ́místírì. Òótọ́ ni. Àmọ́ láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí fífi èdè abínibí kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 wọ́n fagi lé e. A ò ní kí wọ́n sọ Hydrogen di Yorùbá. Kí tíṣà ṣáà fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kí ọmọ wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ nínú ìdánwò.

Áàpù ìbéèrè àtijọ́ ti pọ̀ lọ jàra lórí fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kóòdù kọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe tíṣà, ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ojú ewé kan ṣoṣo fún orí kọ̀ọ̀kan, tó máa sọ ibi tí ẹ̀kọ́ yẹn wà ní àdúgbò ọmọ náà. Ti epo rọ̀bì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Kí ẹ fi 114 àti 29 sí òkè rẹ̀, kí ẹ sì fi Yorùbá sọ pé bí òórùn bẹntiróòlù bá gba àdúgbò kan, kí wọ́n má ṣáná, kí wọ́n má fọwọ́ kan ṣúìṣì, kí gbogbo ilé sì jáde lọ síbi tó ga.