Fíìmù Garbage Warrior: Ilé Hàn, Ìdánwò Fara Sin

Fíìmù Garbage Warrior, tí Oliver Hodge darí ní ọdún 2007, kì í ṣe eré oníṣe. Iṣẹ́ Michael Reynolds ni ó dá lé, ayàwòrán-ilé tí ó tẹ̀dó sí agbègbè Taos ní ìpínlẹ̀ New Mexico, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Earthship ni Reynolds sọ irú ilé tí ó ń kọ́. Pàǹtírí ni èròjà rẹ̀: táyà àlòkù, agolo, ìgò.

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan iṣẹ́ ọwọ́, fíìmù náà yege. Ìwé lè ṣàlàyé pé iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń kì sínú táyà títí yóò fi le bí òkúta, tí táyà kan yóò sì wúwo ju 100 kìlógíráàmù lọ. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè mú kí etí gbọ́ ìró òòlù, tàbí kí ojú rí òógùn ẹni tí ń lù ú. Nígbà tí òǹwòran bá rí bí ògiri ṣe nípọn tó ni yóò yé e bí ilé náà ṣe ń ṣiṣẹ́: gíláàsì tí ó kọjú sí gúúsù ń gba oòrùn wọlé lọ́sàn-án, ògiri ń fa ooru náà mọ́ra, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní òru. Ẹni tí ó bá ti sùn nínú ilé alámọ̀ àtijọ́ rí kò ní í jiyàn.

Ìjà òfin ni ó gba fíìmù náà lọ́wọ́ iṣẹ́ ilé. Reynolds pàdánù ìwé-àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ bá àwọn aṣòfin New Mexico pé kí wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀ tí ènìyàn ti lè dán ọ̀nà ìkọ́lé tuntun wò. Ọdún 2007 ni àbá náà di òfin. Ìtàn náà dùn, Hodge sì mọ̀ ọ́n sọ. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ẹ̀tọ́ láti ṣe ìdánwò ni wọ́n ń jà fún, síbẹ̀ ìdánwò fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè lójú kámẹ́rà. Kí onílé sọ pé ilé òun móoru nígbà òtútù, ẹ̀rí ni. Kì í ṣe ìwọ̀n. Ìwọ̀n ni kí tamomítà méjì, ọ̀kan nínú ilé, èkejì níta, hàn pẹ̀lú aago nínú àwòrán kan náà, ní ìdájí, ní ọ̀sán, ní ọ̀gànjọ́, fún ọjọ́ púpọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò ṣòro yà. Láti wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò, wọ́n a gbé fáànù sí ẹnu ọ̀nà kí ó fa afẹ́fẹ́ jáde títí ìyàtọ̀ ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú ilé àti ti ìta yóò fi tó 50 pascal. Èéfín díẹ̀ tí wọ́n bá mú sún mọ́ fèrèsé yóò sì fi ihò tí ojú kò rí hàn. Kámẹ́rà wo ni yóò kọ irú àwòrán bẹ́ẹ̀?

Erékùṣù Andaman ni ìbéèrè yìí ti le jù. Ibẹ̀ ni Reynolds àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ kọ́lé lẹ́yìn àkúnya omi òkun ti oṣù Kejìlá ọdún 2004. Àánú wà nínú iṣẹ́ náà, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ ni Taos, òru ibẹ̀ tutù. Andaman gbóná, ọ̀rinrin sì kún ibẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ibi tí ọ̀sán àti òru bá ti yàtọ̀ síra púpọ̀ ni ògiri tí ó nípọn ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tí ó ti pàdánù ilé kan kò yẹ ní ẹni tí wọ́n ń fi ilé mìíràn dán wò láìsí ìwọ̀n. Olùkọ́ tí yóò fi fíìmù náà kọ́ni lè dá a dúró níbẹ̀, kí ó bi kíláàsì léèrè ohun tí ó yẹ kí kámẹ́rà padà wá yà ní ọdún kejì.