Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò nínú Igbó Iwin

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí ó bani lẹ́rù jù nínú ìwé Amos Tutuola, My Life in the Bush of Ghosts, tí ó jáde ní 1954, iwin ni yóò máa kà sílẹ̀. Èrò tiwa yàtọ̀. Nínú The Lion, the Witch and the Wardrobe tí C. S. Lewis kọ ní 1950, àwọn ọmọ ìyá 4 tí ogun lé kúrò ní London jọba ní ilẹ̀ àràmàǹdà, wọ́n sì padà láìpàdánù wákàtí kan. Ti Tutuola kò rí bẹ́ẹ̀. Ogun ẹrú ya ọmọ ọdún 7 nípa sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó lo ọdún 24 nínú igbó. Nígbà tí ó bọ̀, ó di ẹrú ẹ̀gbọ́n náà gan-an, kí orin tó mú wọn dá ara wọn mọ̀.

Ẹni tí ó mọ Pópó Àgùdà l'Ékòó, níbi tí àwọn tí ó ti oko ẹrú Bràsíìlì dé tẹ̀dó sí ní ọ̀rúndún 19, mọ̀ pé irú àbọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlọ́. Àlébù ìwé náà nìyí: ìkórìíra ni Tutuola di ẹ̀bi rù, kò bi ẹ̀gbọ́n léèrè ìdí tí ó fi ń ra ènìyàn. Kí iwin má ṣe mú olùdánwò gbàgbé ìbéèrè yìí.