A Ti Kí Aṣọ, Ẹni Tó Ṣe É Ńkọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ẹni tó bá wá kí aṣọ tán tó kọjá lọ, gbèsè ló jẹ yẹn. Gbèsè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lórí ìborùn tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Punjab ń fi abẹ́rẹ́ kó iṣẹ́ sí, tí wọ́n ń pè ní phulkari. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni "iṣẹ́ òdòdó". Èyí tí iṣẹ́ bo gbogbo ara rẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń pè ní bagh, ìyẹn "ọgbà".

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òwú tí wọ́n fọwọ́ ran ni wọ́n fi ń hun aṣọ rẹ̀ ní tóóró tóóró. Wọ́n á wá rán méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ kó lè fẹ̀ tó, bíi ti aṣọ òkè wa. Pupa ni wọ́n sábà máa ń rẹ ẹ́. Òwú sílíìkì tí wọn kò lọ́ ni wọ́n fi ń kó iṣẹ́ sí i. Ibi tó yani lẹ́nu nìyí: ẹ̀yìn aṣọ ni obìnrin náà dojú kọ, kì í ṣe iwájú. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò ya àwòrán kankan sílẹ̀. Fọ́nrán òwú ló ń kà. Á ka iye kan, á fi abẹ́rẹ́ mú fọ́nrán kan ṣoṣo, á tún kà. Sílíìkì gígùn á yọ síwájú, àmì tín-ín-tín ló máa wà lẹ́yìn, torí pé sílíìkì wọ́n, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi í ṣòfò. Bó bá ta òwú kan ní ìbú, tó ta èkejì ní òòró, ìmọ́lẹ̀ á mú kí àwọ̀ kan ṣoṣo dà bíi méjì. Bó bá sì ṣi òǹkà níbì kan, iṣẹ́ tó kù á wọ́. Ẹni tó bá pe èyí ní eré ọwọ́dilẹ̀, kò tíì dán an wò ni.

Ta ni wọ́n ń ṣe é fún? Èyí tí wọ́n ń pè ní chope, ìyá tó bí ìyá ìyàwó ló ń ṣe é fún ọmọọmọ rẹ̀. Iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ rí bákan náà. Ní ti vari da bagh, bí wọ́n bá bí ọmọkùnrin, ìyá àgbà á bẹ̀rẹ̀ aṣọ tí ìyàwó ọmọ náà máa gbà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹ wò ó, ó ń ṣe aṣọ fún ẹni tí wọn ò tíì bí! Sainchi ní tirẹ̀ kún fún àwòrán ènìyàn, ẹranko àti rélùwéè pàápàá. Nígbà mìíràn, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọ̀ tó yàtọ̀ sí igun kan kí ojú ibi má baà ràn án.

Àwọn òǹkọ̀wé kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀ o. Ní 1888, Flora Annie Steel, obìnrin Òyìnbó tó gbé ní Punjab, kọ̀wé nípa phulkari nínú Journal of Indian Art. Ó yin èyí tí wọ́n ṣe fún ilé, ó sì bẹnu àtẹ́ lu èyí tí wọ́n ṣe fún títà. Ní 1999, Michelle Maskiell fi hàn nínú The Journal of Asian Studies pé àwọn obìnrin ń ṣe é fún ilé, wọ́n sì ń ṣe é tà pẹ̀lú, àti pé ìtàn dídùn nípa àṣà ìbílẹ̀ máa ń bo iṣẹ́ àwọn obìnrin mọ́lẹ̀. Lérò tèmi, Maskiell ló jàre. Lóòótọ́, iṣẹ́ ìkánjú máa ń hàn lójú aṣọ. Àmọ́ bí èyí tó wà fún títà bá rí jákujàku, ẹni tó dá iye owó lé e ló yẹ ká kọ́kọ́ bi, kí a tó bi ẹni tó di abẹ́rẹ́ mú.

Nígbà tí wọ́n pín Punjab láàárín Íńdíà àti Pakísítàánì ní 1947, ọ̀pọ̀ ìdílé sá kúrò nílé, aṣọ púpọ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò mọ ẹni tó ṣe é. Ní 2017, Philadelphia Museum of Art ṣe àfihàn phulkari. Orúkọ àwọn tó kó aṣọ náà jọ wà nínú àkọlé àfihàn náà; Manish Malhotra, gbajúmọ̀ aránṣọ ìgbàlódé, ní orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó kó iṣẹ́ sí ìborùn àtijọ́ ńkọ́? "A kò mọ ẹni tó ṣe é" ni a sábà máa ń kà lára irú aṣọ bẹ́ẹ̀ nínú mùsíọ́ọ̀mù gbogbo. Mi ò bá àwọn tó gbé àfihàn kalẹ̀ jà. Orúkọ náà ti sọnù kó tó dé ọwọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ṣé lóòótọ́ ni a ò mọ nǹkan kan? Bí aṣọ bá jẹ́ chope, a mọ̀ pé ìyá ìyá ìyàwó ni àṣà gbé e lé lọ́wọ́. Nílé wa, ẹni tí a ń pè ní Ìyá Lágbájá ní orúkọ nìyẹn. Kí ló dé tí mùsíọ́ọ̀mù ò lè kọ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ? Kí wọ́n sì fi àwòrán ẹ̀yìn aṣọ náà hàn wá, torí ibẹ̀ ni obìnrin náà jókòó sí tó ń kà.

Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá rí phulkari lọ́jà, ẹ má wo ojú rẹ̀ nìkan. Ẹ̀rọ ti ń ṣe ojú rẹ̀ dáadáa báyìí. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ṣe é àti iye tó kàn án nínú owó tí ẹ fẹ́ san.